Fódà tí ẹ rí kò sí nínú láptọ́ọ̀pù yín: àlàyé lórí síso cloud mọ́ kọ̀ǹpútà

Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí Ojúde Ọba bá délẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, oníkámẹ́rà tó bá jókòó sílé láàárín Ìjẹ̀bú-Igbó sí Ṣágámù kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni. Àwọn ọmọ Balógun á wà lórí ẹṣin, regbéregbé á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú aṣọ tí wọ́n jọ dá, kámẹ́rà ò sì ní sinmi. Alẹ́ ni wàhálà ibi tí a ó kó gbogbo rẹ̀ sí máa ń yọjú. Kámẹ́rà tó bá ń gba fídíò 4K sílẹ̀ ní 100 Mbps (mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mẹ́gábíìtì mẹ́jọ ló sì ń di MB kan) ń kó 750 MB jọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ sọ ìyẹn di ìlọ́po 60, wákàtí kan ti di 45 GB. Láptọ́ọ̀pù tòkùnbọ̀ tí dísìkì rẹ̀ jẹ́ 256 GB, tí Windows tàbí Linux ti jẹ nínú rẹ̀, tí iṣẹ́ ìgbéyàwó méjì àti ìsìnkú kan ṣì wà lórí rẹ̀, kò lè gba ọjọ́ yẹn mọ́ra.

Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń sá lọ sórí cloud, ìyẹn ibi ìpamọ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń yá wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Google Drive, OneDrive, Dropbox àti irú wọn. 15 GB ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail àti Google Photos sì ń jẹ nínú 15 GB kan náà. Ogún ìṣẹ́jú irú fídíò tí mo sọ yẹn á kún un bámú. Wọ́n á wá sanwó gba ààyè sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á gbọ́ pé ó ṣeé ṣe láti so cloud mọ́ láptọ́ọ̀pù kó máa jọ fódà lásán, kí wọ́n máa ṣí i kí wọ́n máa pa á láìwọ búráwúsà rárá. Òótọ́ ni. Mount ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, ojú terminal tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà sì ni mo fẹ́ràn láti máa ṣe é, torí pé ètò kan ṣoṣo ló ń bá gbogbo cloud wọ̀nyí sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ì báà jẹ́ Linux ni ẹ ń lò tàbí Windows.

Àwọn tó ń bi mí nípa rẹ̀ pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ní Ago-Ìwòyè, oníṣẹ́ fídíò ní Mọlípà, akọ̀wé ìjọ. Àṣẹ tí wọ́n ń tẹ̀ kì í ṣòro fún wọn, torí wọ́n á dà á kọ láti ibì kan. Ohun tó ń kó bá wọn ni pé wọn ò mọ ibi tí fáìlì wà lẹ́yìn tí wọ́n bá so ó tán. Wọ́n rí fódà, wọ́n rí fọ́tò nínú rẹ̀, wọ́n gbà pé fọ́tò ti wọlé. Kò tíì wọlé.

Ẹ wo owó tí ẹ ń rí nínú áàpù báǹkì lórí fóònù yín. Kò sí kọ́bọ̀ nínú fóònù yẹn. Báǹkì ni owó wà. Fóònù kàn ń fi iye rẹ̀ hàn yín ni, ó sì ń bá yín jíṣẹ́ fún báǹkì. Bí ẹ bá ná an láti orí fóònù, ó dín kù ní báǹkì. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ẹ ò ní lè dé ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọnù. Bí ẹ bá sì fi ránṣẹ́ tó ní òun ṣì wà ní pending, ó ti kúrò lójú yín, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fódà tí a so mọ́ cloud ṣe rí. Pending yẹn ló léwu jù nínú gbogbo rẹ̀, a ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Báwo wá ni fódà tí kò ní nǹkan nínú ṣe ń fi fáìlì hàn? Nínú Linux, áàpù tó bá fẹ́ ka fáìlì kò lè lọ bá dísìkì fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ kernel ló ti ń béèrè, òun ni ọ̀gá tó ń darí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Nígbà kan, inú kernel gan-an ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ kọ bí a ṣe ń ka irú ibi ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ àwọn àgbà sì nìyẹn. Lọ́dún 2005, FUSE wọ inú Linux 2.6.14, ó sì jẹ́ kí kernel lè gbé ìbéèrè náà fún ètò lásán tí ẹnikẹ́ni lè kọ, kí ètò yẹn lọ wá ìdáhùn wá láti ibikíbi. Ètò tí a ó lò níbí ni rclone. Nick Craig-Wood ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ibi ìpamọ́ tó sì mọ ọ̀nà rẹ̀ ti lé ní 70. Bí ẹ bá tẹ fọ́tò kan nínú fódà yẹn, áàpù á béèrè lọ́wọ́ kernel, kernel á bi rclone, rclone á gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ bá Google, á gba apá tí áàpù ń fẹ́, á sì gbé e wá. Áàpù ò mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Àwa náà máa ń gbàgbé, dátà á sì máa lọ.

Lórí Ubuntu tàbí Linux Mint, àṣẹ àkọ́kọ́ nìyí:

sudo apt install rclone fuse3

Èyí tó bá ibẹ̀ wá lè ti pẹ́ díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó dé kẹ́yìn, rclone.org ni ẹ ó ti mú un. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ:

rclone config

Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ẹ tẹ n láti dá tuntun sílẹ̀. Ẹ fún un ní orúkọ kúkúrú tí kò ní àmì ohùn, tí kò sì ní àlàfo láàárín. Èmi ó máa lo ojude níbí. Bó bá béèrè irú ibi ìpamọ́ tó jẹ́, ẹ kọ drive fún Google Drive. Bó bá béèrè client_id àti client_secret, Enter ni kí ẹ tẹ̀ fún méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin àti ogunlọ́gọ̀ ènìyàn káàkiri ayé lẹ ó jọ máa gba ojú ọ̀nà kan náà wọlé sí Google, ó sì lè fà nígbà míì. Ẹni tí yóò máa lò ó lójoojúmọ́, kó dá client_id tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Google. Bó bá béèrè scope, 1 ni àṣẹ kíkún, 2 ni kíkà nìkan. Ẹ tẹ Enter fún ìyókù títí yóò fi ṣí búráwúsà, ẹ wọ àkáǹtì yín níbẹ̀ kí ẹ sì gbà fún un. rclone ò ní rí páásíwọ́ọ̀dù yín rárá. Tókìnì, ìyẹn bíi kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì yín, ni Google ń fún un, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì kan tí mo ṣì máa sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ dán an wò:

rclone lsd ojude:

Bí àwọn fódà tó wà lórí Drive yín bá jáde, ó ti mọ ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àmì tó kẹ́yìn ojude yẹn dáadáa, tó tó méjì tó gun ara wọn. Àmì yẹn ló ń sọ fún rclone pé ojude wà lórí cloud. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, fódà kan nínú láptọ́ọ̀pù yín ni rclone máa rò pé ẹ ń sọ. Ọ̀gbẹ́ni kan ní Ìmọ̀wò kó iṣẹ́ ìsìnkú kan lọ sórí cloud bẹ́ẹ̀. Àṣẹ náà jíṣẹ́ láìsí ìkùnà, inú rẹ̀ dùn, ó sì ń ṣe kàyéfì pé ó yá. Ó ní láti yá: fódà tuntun tó ń jẹ́ ojude ló dá sínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó sì da gbogbo fídíò náà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ó kù ká so ó. Ẹ dá fódà òfìfo kan sílẹ̀, kí ẹ so cloud mọ́ ọn:

mkdir ~/Ojude
rclone mount ojude: ~/Ojude --vfs-cache-mode writes

Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ Enter, kò ní sí nǹkan kan. Kò ní sọ pé ó ti parí, kò ní dá ojú terminal padà fún yín, ibẹ̀ á kàn máa ṣẹ́jú. Ibí yìí ni àbúrò kan ti pè mí lórí fóònù láti Ìpẹru: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti hang o." Mo ní kó má pa á, kó ṣí terminal kejì, kó tẹ ls ~/Ojude. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Há! Gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀." rclone kò hang, iṣẹ́ ló ń ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, fódà yín á wà ní síso. Bí ẹ bá tẹ Ctrl+C, ó tú nìyẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó gba ojú terminal lọ́wọ́ òun lè fi --daemon kún ìparí àṣẹ náà, á lọ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣe tán, àṣẹ tí ẹ ó fi tú u nìyí:

fusermount3 -u ~/Ojude

Lórí Linux tó ti pẹ́, fusermount ni, kò ní 3 lẹ́yìn. Fódà náà á padà di òfìfo. Ẹ má pariwo, fáìlì yín wà níbi tó wà láti àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ dátà ló kàn, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ síbẹ̀, torí ilẹ̀ wa la wà, a mọ iye tí a ń ra dátà. Bí ẹ bá tẹ ls, orúkọ, ìwọ̀n àti ọjọ́ fáìlì nìkan ni rclone ń lọ gbé wá, kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi máòsì ṣí fódà kan náà, áàpù tó ń fi fódà hàn máa ń fẹ́ ya àwòrán kékeré fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kó tó sì lè yà á, ó lè ní láti ka fọ́tò náà tán. Ẹ ní fọ́tò 500, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10 MB: 5 GB lè bá a lọ láìtíì ṣí ẹyọ kan ṣoṣo. Kí ẹ tó so cloud, ẹ lọ sínú ètò áàpù yẹn, ẹ sọ fún un kó má ya àwòrán kékeré mọ́. Ohun kan náà ni áàpù tó ń wá fọ́tò kiri inú kọ̀ǹpútà láti tò ó jọ; ẹ má jẹ́ kó dé inú Ojude.

Wíwo fídíò náà ní tirẹ̀. Apá tí ẹ ń wò ni rclone ń gbé wá díẹ̀díẹ̀, kò ní gbé gbogbo fáìlì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, èyí dára. Àmọ́ bí ẹ bá so ó pẹ̀lú writes tí mo kọ sókè, tí kì í tọ́jú ohun tí ẹ kàn ń wò sórí dísìkì, ohun tí ẹ wò lẹ́ẹ̀mejì lè jẹ dátà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fẹ́ gé fídíò, tí yóò máa lọ síwá sẹ́yìn lórí ibì kan náà, full ló yẹ kó lò:

rclone mount ojude: ~/Ojude --vfs-cache-mode full --vfs-cache-max-size 20G --vfs-cache-max-age 72h

Full máa ń tọ́jú apá tí ẹ ti kà sínú ~/.cache/rclone, kó má tún lọ gbé e láti òkèèrè. Ẹ má yọ 20G yẹn kúrò, torí bí ẹ ò bá fún un ní òdiwọ̀n, kò ní òdiwọ̀n. Bí ẹ ò bá sì sọ iye wákàtí, wákàtí kan ni ó ń tọ́jú ohun tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mọ́.

Ó wá kan pending. Bí ẹ bá gbé fídíò tuntun sínú fódà Ojude, orí dísìkì láptọ́ọ̀pù yín ló kọ́kọ́ ń dé, nínú ~/.cache/rclone kan náà. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lẹ́yìn tí áàpù bá pa fáìlì náà dé ni rclone máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sórí cloud. Ìlà tó ń sáré lójú kọ̀ǹpútà, tó ń sọ pé ó ti dé ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ń sọ nípa dísìkì yín ni. Kò mọ nǹkan kan nípa Google. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá ń gbé 5 Mbps lọ sókè, 45 GB á gba ogún wákàtí kó tó dé, ìyẹn bí kò bá já rárá. Ẹni tó bá rí 100% ní aago mẹ́wàá alẹ́, tó pa láptọ́ọ̀pù, tó sì nu káàdì kámẹ́rà láti lọ ya ìkómọjáde lọ́jọ́ kejì, inú láptọ́ọ̀pù yẹn nìkan ni Ojúde Ọba rẹ̀ wà. Bí láptọ́ọ̀pù ò bá bàjẹ́, tó tún so ó lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àṣẹ kan náà láìyí nǹkan padà, rclone máa ń rántí ohun tó kù, á sì máa gbé e lọ. Bí láptọ́ọ̀pù bá bàjẹ́, tàbí tí olè gbé e, ẹ ò lè sọ fún ìdílé tó gbé iṣẹ́ fún yín pé 100% ni ẹ rí.

Nítorí èyí, ìmọ̀ràn mi tí mi ò yí padà ni pé kí ẹ má fi mount kó ẹrù. Ẹ máa fi wò, ẹ máa fi mú fáìlì kan méjì. Bí ẹrù bá wúwo, copy ni iṣẹ́ rẹ̀. Fódà tó wà nílé ni ẹ ó kọ ṣáájú, kí ẹ tó kọ ibi tó ń lọ lórí cloud:

rclone copy ~/Fidio/Gbobaniyi ojude:Ojude-Oba/Gbobaniyi --progress

Orí cloud gan-an ni ìlà copy ń wò, bó bá ní ó ti parí, ó ti dé. Bí iná bá lọ tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ẹ tún àṣẹ kan náà tẹ̀, á fo èyí tó ti dé. Fáìlì tó já láàárín ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí, ẹ má sì tíì so àwọn fídíò kéékèèké tí kámẹ́rà gé fún yín pọ̀ di gàgàrà kan kí ẹ tó gbé wọn lọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó nu káàdì:

rclone check ~/Fidio/Gbobaniyi ojude:Ojude-Oba/Gbobaniyi

Àṣẹ yìí á fi ti ilé wé ti cloud ní fáìlì kọ̀ọ̀kan. Bó bá kọ 0 differences found, ọkàn yín balẹ̀. Ẹ ó rí àṣẹ kan tó ń jẹ́ sync níbi tí copy wà. Ẹ yẹra fún un títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ohunkóhun tí kò bá sí nílé ni yóò pa rẹ́ lórí cloud kí méjèèjì lè bára mu.

Pípa rẹ́ náà ń bẹ nínú mount. Bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá rí i pé ààyè ń tán lórí láptọ́ọ̀pù, tó wọ Ojude, tó pa fódà kan rẹ́ kó lè rí ààyè, kò rí ààyè kankan lórí láptọ́ọ̀pù, fódà yẹn sì ti kúrò lórí cloud. Lórí Google Drive, inú Trash ló ń lọ, ọgbọ̀n ọjọ́ ló sì ń lò níbẹ̀ kó tó lọ pátápátá. Lórí ibi ìpamọ́ irú Amazon S3, àfi bí ẹ bá ti ní kó máa tọ́jú ẹ̀yà àtijọ́, ó lọ lójú ẹsẹ̀ nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù tí ọwọ́ bá pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan, báyìí ni kí ẹ máa so ó:

rclone mount ojude: ~/Ojude --read-only

Ẹnikẹ́ni lè wò, kò sẹ́ni tó lè pa nǹkan rẹ́.

Lórí Windows, ẹ kọ́kọ́ fi WinFsp sí i, òun ló ń ṣe iṣẹ́ FUSE níbẹ̀, àṣẹ náà á wá jẹ́ rclone mount ojude: X: --vfs-cache-mode writes, Ojude á sì jáde bíi dráìfù X. Lórí Mac, macFUSE ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí ẹ bá fi fáìlì sórí Drive láti ojú fóònù tí ẹ ò rí i kíá nínú fódà, ẹ ní sùúrù tó ìṣẹ́jú kan, rclone kì í lọ béèrè ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá rí Transport endpoint is not connected, rclone ti kú láìtú fódà sílẹ̀. Ẹ tẹ fusermount3 -uz ~/Ojude, kí ẹ tún so ó.

Fáìlì tókìnì tí mo sọ wà ní ~/.config/rclone/rclone.conf. Ẹni tó bá dà á kọ sórí fìláàṣì ti ní kọ́kọ́rọ́ Drive yín lọ́wọ́, kò nílò páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ padà sínú rclone config, ẹ tẹ s, ẹ fún fáìlì náà ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ẹ má so cloud yín mọ́ kọ̀ǹpútà bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Bí ẹ bá sì fẹ́ ta láptọ́ọ̀pù, pípa fáìlì yẹn rẹ́ nìkan kò tó: ẹ wọ àkáǹtì Google yín láti orí fóònù, ẹ wá ibi tí wọ́n to àwọn áàpù tí ẹ fún láyè sí, kí ẹ yọ rclone kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á.